Ẹ Bi Wá: Omo, kẹrosínì àti mọ́tò àwọn bàbá wa

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lóṣù tó kọjá mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí bàbá mi ṣe máa ń fọ Peugeot 504 rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Kàbà, mi ò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà gbé irú àárọ̀ yẹn sọ́kàn, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró láti ìgbà yẹn. Àwọn kan kàn fẹ́ rántí ni, àwọn kan fẹ́ lọ ṣe é lọ́la. Àwọn tó fẹ́ lọ ṣe é lọ́la yìí ló jẹ́ kí n yára jókòó kọ èyí, kí wọ́n tó ba mọ́tò jẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2008 ni mo ń wà, tòkunbọ̀ ni, dúdú. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi fà sí i gan-an, mo ti ra Omo, mo ti ra kẹrosínì, pẹ́ńtà kan tún fún mi ní rọ́bìn inú agolo, ìpara oníyanrìn tí wọ́n fi ń họ ojú pẹ́ńtì, mo fẹ́ ṣe é gẹ́lẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò láé. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? (Ọmọ Owé, Kàbà)*

Ìyàwó yín ló jàre, ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bínú, tórí ohun tó ń wù yín yẹn kì í ṣe ohun burúkú, agolo yẹn àti kẹrosínì yẹn nìkan ni kò bá mọ́tò yín mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nílé wa. 504 bàbá mi, àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 yẹn, àwọ̀ ojú ọ̀run ni. Kí aago méje tó lù, wọ́n ti gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, torí wọn ò jẹ́ fọ ọ́ nínú oòrùn láé, wọ́n ní omi máa gbẹ mọ́ ọn lára kó tó di pé a nù ún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Omo ìkúnwọ́ kan nínú ọ̀kan, omi lásán nínú èkejì. Orí òrùlé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo ni táyà, kànrìnkàn tèmi ò sì gbọdọ̀ kan ara mọ́tò, tórí iyanrìn tó wà nínú rẹ̀. Tí a bá ṣan án tán, tí wọ́n fi ṣámì, awọ rírọ̀ tó ń fa omi, nù ún, wọ́n á wá pa ojú dé, wọ́n á fi ọwọ́ títẹ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ lára.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́rin ni rọ́bìn máa ń jáde. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n fi ń rọ́ ọ, róbótó róbótó, tí mo bá wo síńgílẹ́ẹ̀tì ọ̀hún lẹ́yìn náà, ó ti di àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé mọ́tò ń ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá mi ní rárá, awọ tó ti kú ni, à ń họ ọ́ kúrò kí tuntun lè yọ.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Pẹ́ńtì ìgbà yẹn, àwọ̀ náà ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan tó bò ó. Oòrùn á máa jẹ òkè rẹ̀, á gbẹ, á di bí ẹfun, tẹ́ ẹ bá fi ìka kàn án ẹ ó rí i lára ìka. Rọ́bìn á họ ẹfun yẹn dànù, àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ tí oòrùn ò tíì kàn á yọ jáde, á sì máa dán. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi Simoniz, wax tí wọ́n ń fi kun mọ́tò, lé e, kóòrùn má bàa tètè jẹ ẹ́ mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn nítumọ̀, fún pẹ́ńtì yẹn.

Corolla tiyín kọ́. Láti bí àwọn ọdún 1980 ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti ń pín iṣẹ́ náà sí méjì, wọ́n á kọ́kọ́ fi àwọ̀ kùn ún, wọ́n á wá fi kíléà, tó mọ́ bí omi, bò ó lórí. Kíléà yẹn ló ń dán, òun náà ló ń gba oòrùn sára kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ má bàa kú. Kò nípọn rárá, kò ju bí ìdajì ìwé tí a fi ń kọ lẹ́tà lọ. Tẹ́ ẹ bá wá gbé rọ́bìn oníyanrìn, tí wọ́n ṣe fún pẹ́ńtì 504, tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ọ, kíléà yẹn lẹ̀ ń họ lọ, síńgílẹ́ẹ̀tì yín ò sì ní yí àwọ̀ padà kó lè kìlọ̀ fún yín. Lára mọ́tò dúdú, tí oòrùn bá ràn án, ẹ ó rí ìlà kéékèèké bí òwú aláǹtakùn káàkiri bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá wá họ tán níbì kan, ibẹ̀ á funfun bí àpá iná, ọwọ́ pẹ́ńtà nìkan ló kù. 504 bàbá mi gan-an, tó jẹ́ pé òun ni rọ́bìn wà fún, kó tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń fi gíréè abẹ́ pẹ́ńtì hàn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń rọ́ ọ, ó sì tán níbẹ̀.

Omo wàyí o. Ọṣẹ tó ń gbé epo ọbẹ̀ kúrò lára aṣọ, kí lẹ rò pé ó máa ṣe fún wax? Á gbé e lọ. Bàbá mi á fi odidi ọ̀sán Sátidé kan fi Simoniz kun mọ́tò, tó bá di Sátidé kejì a ó tún fi Omo fọ gbogbo rẹ̀ dànù, a ò mọ̀. Ẹ ra ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan mọ́tò, ìdérí ìgò rẹ̀ kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ti tó. Tí kò bá sí lọ́wọ́, omi lásán tó pọ̀ dáadáa sàn ju Omo lọ.

Kẹrosínì, ẹ má dà á nù, ẹ fi sílé. Tí ọ̀dà ojú títì bá ta mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn yín, ẹ fi díẹ̀ sórí àkísà, ẹ fi nu ojú ibẹ̀ nìkan, á yọ, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń fi nu gbogbo ara mọ́tò kó lè dán lọ sí ìgbéyàwó yẹn ni kẹ́ ẹ gbàgbé. Òróró lásán ló ń dán yẹn, tó bá wá di ìgbà ọ̀yẹ́, tí eruku ń fẹ́ láti ọ̀nà Chad wá, gbogbo eruku yẹn ló máa lẹ̀ mọ́ ọn, rọ́bà etí ilẹ̀kùn á mu kẹrosínì yẹn, á wú, á rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ bàbá mi ni èyí tí kò sí nínú agolo. Abẹ́ òjìji. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Kànrìnkàn táyà lọ́tọ̀, ti ara mọ́tò lọ́tọ̀. Òkè wá sílẹ̀. Àti ọwọ́ títẹ́ yẹn, pàápàá jù lọ. Àwọn tó ń fi ìtọ́jú mọ́tò ṣiṣẹ́ ṣe lónìí, àwọn tó ń gba owó ńlá l'Ábújá, wọ́n ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá fọ mọ́tò tán wọ́n á fi ọwọ́ ra á, tí wọ́n bá gbọ́ ìdọ̀tí kéékèèké lábẹ́ ọwọ́ wọn á mú amọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní clay bar, wọ́n á fi yọ ọ́. Bàbá mi ò ní clay bar, àmọ́ ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi rí ìṣó lára táyà ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ sí Ìlọrin, wọ́n rí i nígbà tí wọ́n ń ra táyà tí mo fọ̀ wò bóyá ó mọ́. Mi ò gbàgbé ìṣó yẹn. Ó gùn tó ìka mi nígbà yẹn.

*Bọ̀dá, dírẹ́bà gáréèjì ni mí láti ayé Kwara, kí wọ́n tó yọ Kogi. Ẹ sọ̀rọ̀ táyà ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé óìlì kọ̀ndẹ́mù là ń fi kùn ún, òun ló ń jẹ́ kó dúdú kirikiri, àwọn ọmọ òde òní ń ra ìpara táyà olówó gọbọi. Kí ni ìyàtọ̀? (Àgbà Dírẹ́bà, Ìsánlú)*

Ẹ ṣeun bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ayé Kwara yẹn, ṣáájú August 1991, tiyín ni ọ̀nà yẹn. Ìyàtọ̀ wà, sà. Epo rọ̀bì àti rọ́bà ò bá ara wọn gbé, rọ́bà táyà á máa mu óìlì yẹn díẹ̀díẹ̀, á máa rọ̀ á sì máa là, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí kò nípọn. Óìlì tún lè fò mọ́ bíréèkì nígbà tí táyà bá ń yí. Àwọn míì ń fi óìlì bíréèkì kùn ún, ìyẹn tún burú jù, ẹ̀kán rẹ̀ kan lára pẹ́ńtì, á bó o. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ táyà dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ, dúdú tirẹ̀ máa yọ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó dán jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra ìpara táyà tí wọ́n fi omi pò, kì í ṣe èyí tó ń rùn bíi pẹtiróòlù.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, sà, ohun kan tún wà tí mo fẹ́ fi kún un. Ẹ̀yin náà máa rántí bí lọ́rì ṣe máa ń wọ inú odò Ọ̀yì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, tí bọ́ì á bọ́ bàtà, á máa bu omi lù ú láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo wa tó wà lókè á máa wò. Ó dùn ún wò. Àmọ́ àwọn ìyá wa ń pọn omi nísàlẹ̀ odò yẹn, mo sì rántí ìlà óìlì tó máa ń dà bí òṣùmàrè lójú omi. Èyí ni mi ò fẹ́ kó padà wá, bó ti wù kó dùn tó.

*Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ọṣẹ ìfọyín, Close Up àbí Macleans, máa ń fọ iná iwájú mọ́tò tó ti pọ́n. Tiwa ti pọ́n bí ìtọ̀. (Láti Lọ́kọ́ja)*

Á fọ̀ ọ́, tórí iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò ní pẹ́ tí á tún fi pọ́n. Iná 504 àti ti Volks, dígí ni, oòrùn ò lè sọ ọ́ di yẹ́lò. Ti mọ́tò òde òní ike ni, wọ́n sì fi nǹkan kan bò ó tó ń gba oòrùn sára, nígbà tí ìyẹn bá ti ṣí lọ ni ike bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ẹ bá wá fi ọṣẹ ìfọyín họ èyí tó kù, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn fún oòrùn nìyẹn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti họ ọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan tuntun tí yóò bò ó. Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ lè fi sáńpépà olómi yọ ọ́ dan, kó sì fọ́n kíléà lé e, ìyẹn máa ń pẹ́.

*Alàgbà, ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja ni mò ń ná lójoojúmọ́, ẹ̀yìn àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ni mo sábà máa ń wà, ara mọ́tò mi ti di bí ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ta. Omi ò yọ ọ́. Bàbá àgbà kan ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́. Ṣé kì í ṣe pé yóò jẹ pẹ́ńtì? (Ọmọ Bùnú)*

Bàbá àgbà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ, inú mi dùn púpọ̀ pé wọ́n ṣì wà láti sọ fún yín. Sìmẹ́ǹtì, ẹfun òkúta ló wà nínú rẹ̀, ohun kíkan ló ń tú u, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, fíníkà náà kan. Láyé àwọn bàbá wa ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ bọ́ńpà kó tó di pé Brasso pọ̀ lọ́jà, gbogbo ilé ló ní in.

Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Tó bá ṣì jẹ́ eruku gbígbẹ, ẹ má fi àkísà nù ún, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, tórí ó mú bí iyanrìn. Ẹ da omi púpọ̀ lé e kó fúnra rẹ̀ ṣàn lọ, lọ́jọ́ kan náà, kó má di pé ìrì òru rọ̀ sí i lára, tórí ìrì yẹn ló ń sọ ọ́ di ògiri. Èyí tó ti di ògiri, ẹ fi fíníkà tàbí omi ọsàn tẹ́ ẹ ti sẹ́ pò mọ́ omi lásán bákan náà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó rin dáadáa lé e lójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nínú òjìji, nígbà tí ara mọ́tò bá tutù. Á máa tú. Ẹ ṣan án, ẹ tún un ṣe bó bá kù. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn. Ẹ má fi ìdí ọsàn rọ́ ọ. Tí ẹ bá ti ń lo wax déédéé, sìmẹ́ǹtì ò ní rí ibi dì mú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá Omo jà.

*Kí ló dé tí wọ́n fi ìjàpá ya ara ike wax tí bàbá mi ń lò? Mo ti ń rò ó láti kékeré.*

Turtle Wax nìyẹn. Chicago ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, ìlú kan náà tí Simoniz ti bẹ̀rẹ̀ ní 1910. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé mọ́tò yín á ní èèpo líle bíi ti ìjàpá, tí òjò ò ní lè wọ̀. Nínú àlọ́ tiwa ẹ̀yìn ìjàpá ti fọ́, wọ́n tún un tò ni, ṣùgbọ́n òjò ò wọ̀ ọ́ náà. Volks tí wọ́n ń tò ní Èkó ni àwa ń pè ní ìjàpá, ẹ wá wò ó, kí èèyàn máa fi ìjàpá kun ìjàpá. Ohun tó wà nínú wax tó dára jù láyé ìgbà yẹn, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil ni wọ́n ti ń rí i, carnauba ni wọ́n ń pè é. Ibi tí ọ̀pẹ yẹn ń hù, ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú níbẹ̀ gan-an, ọ̀pẹ náà ló ń fi wax bo ewé ara rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má bàa gbẹ, wọ́n á gé ewé, wọ́n á sá a, wọ́n á lù ú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ bọ́. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làákàyè. Bàbá mi fi wá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí à ń kó yàrá wọn, mo rí páálí kan, agolo Simoniz kan wà nínú rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń gbọn eruku, àti ṣámì wọn, ó ti gan bí pákó. Mo fẹ́ fi wọ́n fọ mọ́tò wọn kí a tó tà á. Ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́? (Àbúrò yín obìnrin, Mọ̀pà)*

Ẹ kú ìrọ́jú o, àbúrò mi. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ ṣí agolo yẹn wò. Tó bá ti sán bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ti fà kúrò lára agolo, omi inú rẹ̀ ti fẹ́ lọ, kò ní ṣeé fi kun nǹkan mọ́. Ẹ má gbé e síná láti yọ́ ọ o, ẹ má sì da pẹtiróòlù sí i, ó lè gbiná mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá ṣì rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka, ẹ fi bíńtín wò ó lábẹ́ ilẹ̀kùn níbi tójú ò tó, tó bá ṣeé nù, ẹ lò ó. Ìyẹ́ adìyẹ yẹn, ẹ fi pamọ́. Ó dára fún dáṣíbọọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbọn eruku ọ̀yẹ́ lára pẹ́ńtì, á họ ọ́.

Ṣámì ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Awọ ẹran ni, láyé àtijọ́ ẹranko kan tó jọ ewúrẹ́ tó ń gbé orí òkè nílẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń pa, èyí tó pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn náà awọ àgùntàn ni, òróró ẹja ni wọ́n fi ń ṣe é kó lè rọ̀. Kì í kú torí pé ó gbẹ. Ó kàn ń gan bíi pọ̀nmọ́ tí kò tíì wọ ìkòkò. Ẹ má fi Omo fọ̀ ọ́, á kó òróró inú rẹ̀ lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́wọ́, kì í ṣe omi gbígbóná, ẹ fi ọṣẹ ìwẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ bí wákàtí kan. Ẹ má fi agbára ṣí i. Ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ká, díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa rí omi dúdú tó ń jáde, eruku mọ́tò bàbá nìyẹn. Tó bá ń já bí ìwé tó rin, ó ti jẹrà, ẹ sinmi. Tó bá na ara rẹ̀ tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ó yè.

Ẹ fún un, ẹ má lọ́ ọ. Tí ẹ bá fọ mọ́tò tán, ẹ tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ mú etí rẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ fà á bọ̀ lọ́dọ̀ yín jẹ́jẹ́. Á fi ìlà omi tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́yìn, ìlà yẹn á sì gbẹ kẹ́ ẹ tó ka ẹẹ́wàá. Ẹ kọ̀wé sí mi bó bá rọ̀.